Ooru Abẹ́ Páànù: Ilé Ni À Ń Wò Kí A Tó Sọ Àìsàn Lórúkọ

Ní ilẹ̀ Ìjùmú tí mo wà, “Ọ̀kún” ni a fi ń kí ènìyàn; òun náà ni mo fi kí gbogbo yín, lọ́kùnrin lóbìnrin. Láti inú dìsípẹ́ńsárì kékeré kan ní Ekinrin-Adde ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú ńlá, tí ẹ ń gbé yàrá kan tàbí méjì tí páànù wà lórí rẹ̀, ni mo ń bá wí jù lọ. Ọ̀rọ̀ náà kan ìyàwó ilé, ó kan baálé ilé, ó sì kan ọmọ ọwọ́ tí kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ń ṣe é.

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Mo ti mọ òwe yìí láti kékeré. Síbẹ̀, ní ọ̀gbẹlẹ̀ kan báyìí, mo gbàgbé rẹ̀, ìgbàgbé mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. N óò jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín, bóyá yóò ṣe ẹlòmíràn ní àǹfààní.

Ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná ní ọ̀sán

Ní oṣù kẹta ọdún, nígbà tí oòrùn mú gidigidi, ìyá kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ olóṣù mẹ́rin wá bá mi. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ọ̀kún o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ọmọ yìí, ara rẹ̀ ń jó bí iná.” Mo fi tẹmọ́mítà sí i lábíyá, ó lé ní 38. Mo gún un ní gìgísẹ̀, mo yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ibà níbẹ̀. Mo fún wọn ní parasitamọ́ọ̀lù olómi, mo ní kí wọ́n máa lọ sílé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ara ọmọ ti balẹ̀. Inú gbogbo wa dùn, a rò pé oògùn ni ó ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta wọ́n tún dé, ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán gẹ́gẹ́ bí ti àkọ́kọ́. Àyẹ̀wò kò tún rí ibà. Mo tún ṣe bí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rù bà mí. Àwùjẹ̀ ọmọ náà ti wọlé, ètè rẹ̀ gbẹ, ẹkún rẹ̀ kò jáde dáadáa, ìyá rẹ̀ sì sọ pé kò tọ̀ láti òwúrọ̀. Tẹmọ́mítà fò dé 40. Mo bọ́ gbogbo aṣọ lára rẹ̀, mo fi omi lásán nu ún láti orí dé ẹsẹ̀, mo ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i, mo ní kí ìyá rẹ̀ máa fi ọmú sí i lẹ́nu, a sì wá ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá kíákíá.

Ọlọ́run ṣeun, ọmọ náà yè. Ìgbà tí wọ́n padà dé ni mo tó bèèrè ohun tí ó yẹ kí n ti bèèrè ní ọjọ́ àkọ́kọ́: “Ìyàwó wa, níbo ni ọmọ yìí ń sùn sí ní ọ̀sán?”

Ó dáhùn pé, “Inú yàrá wa ni, Nọ́ọ̀sì. Mo máa ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn kí eṣinṣin má baà dà á láàmú.”

Mo bá a dé ilé. Ọkọ rẹ̀ ni ó fi yàrá náà kún ẹ̀gbẹ́ ilé bàbá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Búlọ́ọ̀kù ni ògiri rẹ̀, páànù tí ó ti dípẹtà ni wọ́n fi bò ó, kò sì ní àjà. Òrùlé náà rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi na ọwọ́ mi kan páànù ní ìhà kan, mo sì fa ọwọ́ padà kíá nítorí pé ó jó mi. Ìyá ọmọ ti fi búláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ “kí oòrùn má baà wọlé.” Mo fi tẹmọ́mítà ara ògiri kọ́ sí òkè ibùsùn ọmọ. Lábẹ́ igi máńgòrò tí ó wà níta, ìwọ̀n 35 ni mo rí. Nínú yàrá, 41. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti ń lé ibà kiri, ilé gan-an ni ó ń ṣe ọmọ náà.

Ohun tí ooru ń ṣe sí ara

Ara wa dàbí ààrò tí iná rẹ̀ kì í kú. Tọ̀sán-tòru ni ó ń mú ooru jáde, ó sì gbọ́dọ̀ rí ibi tí yóò tú u sí kí ó lè wà ní ìwọ̀n 37 tí ó yẹ ẹ́. Nígbà tí afẹ́fẹ́ yàrá bá gbóná ju awọ ara lọ, òógùn nìkan ni ó kù tí ó lè gbà wá. Bí òógùn bá ti ń gbẹ ni ó ń gbé ooru lọ, ṣùgbọ́n ó ń kó omi àti iyọ̀ ara lọ pẹ̀lú. Ọmọ ọwọ́ kò lè bọ́ aṣọ ara rẹ̀, kò lè rìn jáde, kò lè bèèrè ohun mímu. Òùngbẹ kì í tètè gbẹ arúgbó, kò sì ní mọ̀ pé omi ń tán lára òun. Aboyún, alátọ̀gbẹ, àti ẹni tí ó ní àrùn ọkàn tàbí ti kídìnrín wà nínú ewu pẹ̀lú.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni mo ń sọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ooru ńlá kan bo ilẹ̀ Málì. Ní ìlú Kayes, ó dé ìwọ̀n 48.5. Ilé-ìwòsàn Gabriel Touré ní Bamako kéde pé láàárín ọjọ́ 4 àkọ́kọ́ nínú oṣù náà, ènìyàn 102 ni ó kú lọ́dọ̀ àwọn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo oṣù kẹrin ọdún 2023 kò mú ju 130 lọ. Àwọn tí ó ti lé ní ọmọ 60 ọdún ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Lọ́kọ́ja wa, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé, ẹ kò ní ní kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa júwe ooru fún yín.

Ìdí tí ilé bàbá wa fi tutù

Nígbà tí àwọn bàbá wa ń kọ́lé, amọ̀ ni ògiri, ó nípọn; koríko ni òrùlé, òun náà nípọn bí ìtì. Kì í ṣe koríko gan-an ni ó ń dènà ooru, bí kò ṣe afẹ́fẹ́ tí ó há sí àárín rẹ̀. Ooru kì í tètè gba inú afẹ́fẹ́ tí ó dúró jẹ́ẹ́ kọjá. Páànù dé, ó gbà wá lọ́wọ́ iná àti òjò tí ń jò, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kò sí afẹ́fẹ́ tí ó há sínú rẹ̀. Oòrùn kì í pẹ́ sọ ọ́ di agbada lórí iná.

Ẹni tí ó bá láyè yóò kan àjà sí abẹ́ páànù rẹ̀. Ọkọ ìyá ọmọ yìí pe káfíńtà. Káfíńtà wọn ilé, ó ní bí òun bá fi igi àjà sí i, yóò mú ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ nínú gíga yàrá. Tani yóò wá lè nàró níbẹ̀? Bí ọ̀pọ̀ yín ṣe ń gbé nìyẹn ní Mushin, ní Ajégúnlẹ̀, àti ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàdàn: ibùsùn kan, àpótí kan, sítóòfù kan, kò sí àyè fún ohun tí ó nípọn. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a mọ ohun tí ó tín-ín-rín tí ó sì lè dènà ooru.

Tíréè tí ó wà níwájú iná

Ẹ wo obìnrin tí ó jókòó ti ààrò tí iná rẹ̀ ń jó geere. Kò fọwọ́ kan iná, síbẹ̀ iná ń ta á lójú. Bí ó bá gbé tíréè dí iwájú rẹ̀, ooru náà dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Tíréè náà kò nípọn ju èékánná lọ! Ìtànṣán ni irú ooru bẹ́ẹ̀, ohun dídán sì ni ọ̀tá rẹ̀. Bí páànù gbígbóná ṣe ń ta sí wa lára láti òkè nìyẹn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná òkè kì í fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ìtànṣán ni ó ń sọ̀kalẹ̀ jù.

Nítorí náà ni wọ́n fi ń ta àtẹ́ dídán kan báyìí lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ohun èlò ìkọ́lé, wọ́n ń ká a bí ẹní. Ó jọ èyí tí àwọn awakọ̀ máa ń gbé sí iwájú gíláàsì mọ́tò nígbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀ sínú oòrùn. Bí ojú rẹ̀ bá mọ́, nínú ooru ìtànṣán 100 tí ó bá kọlù ú, nǹkan bí 95 ni ó ń dá padà. Ṣùgbọ́n ó ní òfin méjì. Èkíní, kò gbọ́dọ̀ fara kan páànù. Ẹ fi àyè bí ìbú àtàǹpàkò sí àárín wọn, nítorí pé bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra, ooru yóò gba inú rẹ̀ kọjá bí ó ti ń gba inú ṣíbí tí ó wà nínú ọbẹ̀. Èkejì, bí ojú kan ṣoṣo bá dán, ojú náà ni kí ó kọ sí ìsàlẹ̀, nítorí pé eruku kì í bà lé ohun tí ó dojú délẹ̀, eruku sì ni ó ń ba dídán jẹ́.

Àwọn èyí tí ó lágbára jù ú lọ tún wà. Ní ọdún 1931, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Samuel Kistler kọ̀wé nípa ohun tí a ń pè ní aerogel. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ihò inú rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ náà kò fi ráyè rìn. Wọ́n ń fi ṣe ohun tí ó dàbí búláńkẹ́ẹ̀tì. Sẹ̀ǹtímítà 1 rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí fóòmù funfun sẹ̀ǹtímítà 2 ń ṣe. Ní Ìlú Ọba, wọ́n ń fi bo ara ògiri ilé àtijọ́ tí yàrá rẹ̀ há, nítorí òtútù. Èyí tí ó tún jù ú lọ ni pátákó òfìfo. Fúláàsì tí ẹ fi ń gbé omi tíì ni baba ńlá rẹ̀: James Dewar ni ó ṣe irú rẹ̀ ní 1892, tí ó fa afẹ́fẹ́ àárín ìgò méjì jáde tí kò sì ku nǹkan kan níbẹ̀ tí ooru yóò gùn. Pátákó òfìfo lè ṣe iṣẹ́ fóòmù tí ó nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po 5. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ wọlé, èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ sì lọ. Owó àwọn méjèèjì wọ́n. Mo sọ ti wọn kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe bí nǹkan ti nípọn tó ni a fi ń mọ agbára rẹ̀, kí oníṣòwò má sì fi orúkọ ńlá tàn yín jẹ.

Bí a ṣe ṣe é, àti ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì wá lọ́wọ́

Ọkọ ìyá ọmọ yìí jẹ́ aláápọn. Kí n tó padà dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti kó fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n jọ, ó fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ páànù. Mo ní, “Bàbá ọmọ, ẹ dúró ná.” Mo gé díẹ̀ nínú rẹ̀, a jáde síta, mo ṣáná sí i. Ó yọ́, ó ń kán sílẹ̀ pẹ̀lú iná, èéfín dúdú bo ibẹ̀. Mo bi í pé, “Níbo ni ẹ ń tan sítóòfù sí nígbà òjò?” Ó wo ibùsùn ọmọ, kò sọ̀rọ̀.

Ẹ rántí ilé gogoro Grenfell ní London. Wọ́n fi fóòmù ìdènà ooru àti pátákó tí inú rẹ̀ jẹ́ ike bo ara ilé náà lóde. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2017, iná bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé ìdáná kan ṣoṣo, ó sì gun ara ilé náà dé òkè. Ènìyàn 72 ni ó kú. Ohun tí ó tín-ín-rín tí ó sì ń dènà ooru dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ bí yóò ti ṣe bí iná bá dé. Àtẹ́ dídán mìíràn ní ike nínú. Ẹ gé ẹ̀là rẹ̀, ẹ ṣáná sí i níta. Èyí tí ó bá ń jó tí ó ń kán, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á.

Ewu kejì ni iná mànàmáná. Ní Ọsirélíà, ní 2009 sí 2010, ìjọba ń fi owó ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ láti fi ohun ìdènà ooru sí òkè àjà. Ọ̀dọ́mọkùnrin 4 ni ó kú lẹ́nu iṣẹ́ náà: iná mànàmáná pa 3, ooru abẹ́ òrùlé pa ẹnìkan. Irin ni ojú dídán yẹn, iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ pa iná ilé láti orísun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí oníṣẹ́ iná bo wáyà tí ó bó, kí ìṣó má sì gba orí wáyà. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ ṣe é.

Ewu kẹta ni asibẹ́sítọ́ọ̀sì, tí wọ́n fi ṣe àjà ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́. Bí ó bá wà láìfọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Eruku náà ń dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

A ra àtẹ́ tí kò gbaná. A kan igi pẹlẹbẹ mọ́ igi òrùlé, a fi àtẹ́ náà kọ́ sábẹ́ rẹ̀, a ṣí ẹ̀bá rẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè jáde. Gbogbo rẹ̀ kò mú ju ìbú ọwọ́ kan lọ nínú gíga yàrá. A fi ọ̀dà funfun kun òkè páànù, nítorí pé ohun funfun ń dá oòrùn padà kí ó tó di ooru. Ahmedabad ní Íńdíà ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2010, ooru fa ikú tí ó lé ní 1,300 níbẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n gbé ètò ìdáàbòbò kalẹ̀ ní 2013, láti 2017 sì ni wọ́n ti ń kun òrùlé àwọn mẹ̀kúnnù ní funfun. Níkẹyìn, a yọ búláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lójú fèrèsé, a ta nẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, a sì ta ìbòrí sí òde fèrèsé tí ó kọ sí ìwọ̀-oòrùn.

Ní ọjọ́ tí abẹ́ máńgòrò tún jẹ́ 35, mo lọ wo tẹmọ́mítà. Ó wà ní 37. Kò tutù bí àárọ̀, ṣùgbọ́n páànù kò ta sí orí mi mọ́, ọmọ náà sì ń sùn láìlàágùn. Owó tí wọ́n ná kò tó ìdajì ohun tí káfíńtà pè fún àjà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí

Bí àtẹ́ tiẹ̀ wà, ẹ má ti ọmọ mọ́ yàrá ní ọ̀sán; ibi òjìji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sàn jù. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ni kí ẹ máa fún un lemọ́lemọ́, ẹ má fún un ní omi. Ẹ má wé e ní aṣọ nípọn. Bí yàrá bá ti kọjá 40, fáànù nìkan kò tó, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni ó ń fẹ́ síni. Ẹ fi omi pa ara. Ẹ gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ arúgbó, kí ẹ sì rọ̀ ọ́ kí ó mu.

Bí ara bá gbóná, ẹ wá fún àyẹ̀wò ibà, ẹ má fi ooru ṣe àwáwí. Ṣùgbọ́n bí ara bá dé 40, tí ènìyàn ń sọ ìsọkúsọ, tí gìrì mú ọmọ, tí àwùjẹ̀ wọlé, tàbí tí kò tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà, ẹ gbé e síbi òjìji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ máa da omi sí i lára kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ, bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Parasitamọ́ọ̀lù kì í wo irú ooru bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mo ti fi ìbéèrè kan kún èyí tí mo máa ń bi gbogbo ìyá tí ó bá gbé ọmọ wá: irú òrùlé wo ni ó wà lórí ọmọ yín? Ẹ̀yin náà, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán òní, ẹ wọ yàrá tí ọmọ yín ń sùn sí, ẹ nàró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tí ara yín bá sọ fún yín níbẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe àtúnṣe rẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.